Mẹ́tàlá Nínú Ogún

Ojú rẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Imú, ẹnu àti orí rẹ̀ wà lábẹ́ láwàní, torí ìjì ń jà lọ́jọ́ náà, irú ìjì oníyanrìn tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní Sókótó, tí ojú ọ̀run á pọ́n bí epo, tí gbogbo ọjà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri.

Èmi náà sá. Mo gbá páálí ṣọ́ọ̀kì àti káádíbọ́ọ̀dù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mọ́ àyà, mo já sábẹ́ àtíbàbà àwọn alálùbọ́sà, níbi tí èrò ti kún débi pé èémí ẹlòmíì ni mo ń mí. Ọkùnrin aláwàní yìí ló wọlé kẹ́yìn, òun àti páńẹ́lì sólà ńlá kan. Dípò kó gbé e sílẹ̀, ńṣe ló gbé e sókè, ó fi dí ibi tí tapólì ti ya lókè orí ìyá àgbà kan tó jókòó ti àpò àlùbọ́sà rẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó máa bá òun di etí kejì mú, ojú wa sì ṣe mẹ́rin láàárín gbogbo èrò yẹn.

N kò mọ ẹni tí mo gbé páálí mi fún. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti wà létí páńẹ́lì náà. A gbé e dání bẹ́ẹ̀ títí ìjì fi rọlẹ̀, tí òjò rọ̀, tó sì tún dá. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó tẹrí ba fún mi, ó ní, "Na gode," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dúpẹ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Adéjùmọ̀kẹ́, kọ́pà ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Gagi, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba.

"Ojú lásán," ó ní. "Ìkẹ́olúwa, ojú lásán lo rí tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ."

"Mo jẹun."

"Mo wo abọ́ rẹ, mo rí ohun tí o jẹ. Àwọn ìwé pélébé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ yẹn ló ń dà ọ́ láàmú. Ọkùnrin kan ò gbọdọ̀ sín nítòsí rẹ, o ti mú ọjọ́ ìdána nìyẹn."

Kò parọ́. Ìwé ìfẹ́ ni mo fi kọ́ ìwé kíkà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì ti kà wọ́n débi pé mo máa ń rí ìtàn níbi tí kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìsìnrúùlú wa, olùkọ́ ìṣirò kan yá mi ní agboòrùn rẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáradì fún ọ̀rọ̀ tó máa bá mi sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló wá gba agboòrùn náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé n kò ní í ki ara mi bọ inú ìtàn tí kì í ṣe tèmi mọ́.

Kíláàsì mi wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Minanata, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Wọ́n ní kí kọ́pà kọ̀ọ̀kan ṣe nǹkan kan fún ìlú, èmi wá ní màá kọ́ àwọn tó ti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r wá ní Gẹ̀ẹ́sì, torí Faransé ni wọ́n kọ́ nílé-ìwé lọ́hùn-ún. Mẹ́wàá ni wọ́n. Nabilah, aránṣọ kan láti Konni, ni akọni wọn. Hausa ni òun àti èmi fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú láwàní lórí. Kó tó tú u tán ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó wò mí lọ bí ẹni tí wọ́n ní kó gun igi. Ó wá wo orúkọ mi lára bọ́ọ̀dù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yorùbá ni yín?"

Ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Yorùbá ni mí."

"Kàmál ni mò ń jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Niamey ni wọ́n bí mi sí." Yorùbá rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti arúgbó, torí ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà ló ti gbà á. "Ẹ kú ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ ìjì yẹn o."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Àlàájì Tàjúdíìn, ló ń gbé. Sólà àti bátìrì ni wọ́n ń tà nínú ọjà. Gbogbo ìwé tó ń bá ọjà wọn wá, Gẹ̀ẹ́sì ni. "Àlàájì ní bí mi ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ọdún yìí tó parí, àwọn á dá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Maradi, níbi tí Faransé mi ti wúlò," ó ní. "Mi ò fẹ́ lọ."

Kò sọ ohun tó mú kó má fẹ́ lọ. N kò bi í.

Mi ò fẹ́ràn kí a máa ka ìwé bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, kí á sì pè é ní ẹ̀kọ́. Mo kó wọn lọ sí ìsọ̀ alálùbọ́sà, mo pín wọn sí oníṣòwò àti oníbàárà, mo ní kí wọ́n ná ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì. Alálùbọ́sà gan-an ni adájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nabilah ló borí. Ẹkún ló sun títí owó ọjà fi wálẹ̀. Láràárọ̀, oníkálukú á fi ohùn ránṣẹ́ sí wásáàpù wa, gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù ń rí ràkúnmí, wọ́n ń rí ọlọ́pàá. Kàmál á ní, "Oòrùn tètè dé lónìí, kò dúró dè mí." Mo máa ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè tún un ṣe.

Nígbà tí ó bá wá di ti lítíréṣọ̀, mo máa ń sọ ìtàn tí mo hun fúnra mi, màá sì dákẹ́ níbi tó ti dùn jù, kí oníkálukú parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nabilah máa ń so gbogbo ènìyàn inú ìtàn pọ̀ ní ọkọ àti aya, àfi ìgbà tí ìtàn jẹ́ ti awakọ̀ kan àti ewúrẹ́, ìyẹn náà ó ronú sí i díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo sọ nípa ọmọbìnrin kan tó dúró ní gárèèjì, tí mọ́tò olólùfẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra.

"Mọ́tò náà lọ," Kàmál ní. "Ṣùgbọ́n ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ó di dandan kó padà wá gbà á, Tíṣà Ìkẹ́."

Òun nìkan ló ń pè mí ní Tíṣà Ìkẹ́. Malama, bí àwọn Hausa ṣe ń pe tíṣà obìnrin, ni àwọn yòókù ń pè mí.

Ẹ̀kọ́ lẹ́tà ni mo gbójú lé jù. Mo kun páálí bísíkíìtì kan ní pupa, mo la ihò sí i, mo pè é ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wa. Mo kọ ìwé kéékèèké mọ́kànlá, mo dà wọ́n sínú fìlà: kọ̀wé sí onílé rẹ, sí dókítà, sí ìyá rẹ, sí oníbàárà tó ń bínú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ pé kí ènìyàn kọ̀wé sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Oníkálukú fa tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi hàn mí. Mo ní kí wọ́n má lo orúkọ gidi, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn rí sínú rẹ̀. Mo ní màá tún un ṣe, wọn á sì tún un kọ kó mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tó kọ lẹ́tà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó ni ín, ọwọ́ méjèèjì, ojú sí ojú, yóò sì sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé, tìrẹ ni èyí.

"Ẹ má rán ẹnikẹ́ni," mo ní. "Bí a bá rán ènìyàn, ẹnu ẹni tí a rán ni ó máa sọ ọ́."

Lẹ́tà mẹ́wàá ló wà nínú páálí lọ́jọ́ Ajé, torí Nabilah ti lọ sí Konni fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Mo kó wọn lọ sí Gagi. Mo ka ti dókítà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ti Kàmál. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ìyáàfin Ìjì mi ọ̀wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kékeré ni mo fi ń kọ èyí. Lọ́jọ́ tí a pàdé, iyanrìn pọ̀. Ojú mi nìkan ni ẹ rí, ṣùgbọ́n mo rí yín lódindi. Páńẹ́lì yẹn kò wúwo, èmi ni mò ń gbọ̀n. Tí mo bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, mo máa ń kọ́kọ́ rò ó bóyá mo lè sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ mi kò tíì tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí títí yóò fi tó."

Mo kà á ní ìjókòó, mo kà á ní ìdúró. Adéjùmọ̀kẹ́ yọ ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Mo nà án sí i. Ó kà á tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n mú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn rí sínú rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwé olólùfẹ́ wà nínú fìlà?"

"Ó wà."

"Òun ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, o fẹ́ lọ ra aṣọ ìgbéyàwó." Ó dá ìwé náà padà fún mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìkẹ́, mi ò fẹ́ kí ojú tún tì ọ́. Rántí agboòrùn."

Mo rántí agboòrùn. Mo mú báírò pupa. Mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣì kọ, mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó lo ìṣẹ̀lẹ̀ gidi dáadáa, pé kò fi àdírẹ́sì sí i, pé ìparí rẹ̀ kò délẹ̀. Mo fún un ní mẹ́tàlá nínú ogún. Ọwọ́ mi dúró ṣinṣin. Inú mi dùn sí i pé mo ti gbọ́n.

Lọ́jọ́rú, mo pín ìwé fún wọn. Kàmál wo tirẹ̀ pẹ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò àyà.

"Ẹ ṣé, Malama," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, n kò sì mọ ìdí tó fi gún mi. Kò wá lọ́jọ́ Ajé. Ohùn rẹ̀ kò dé sórí wásáàpù láràárọ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọjà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì ń gbọ́ ti oòrùn tó tètè dé yẹn lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, Nabilah dé láti Konni. Ó ti ju lẹ́tà rẹ̀ sínú páálí pupa kó tó jókòó. Mo yọ ọ́ jáde. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà lọ sí Kánò ló kọ ọ́ sí. Ó ní kó máa bọ̀ nílé kí òun tó gbàgbé bí ó ṣe ń hanrun.

"Ìwé wo ni ẹ fà, Nabilah?"

Ó tú etí hìjáàbù rẹ̀ tó ta ní kókó, ó yọ ìwé kékeré kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni: ẹni tí ọkàn rẹ fẹ́.

"Kí wá ni Kàmál fà?"

"Onílé ni." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó bẹ̀ mí títí pé kí a pààrọ̀. Mo ní rárá, mo ní ọ̀rọ̀ fún ọkọ mi. Ó ní kò burú, pé òun á kọ ohun tí òun fẹ́ kọ bákan náà." Ó wá rí ojú mi. "Malama, kí ni ẹ ṣe fún un?"

"Mo máàkì í."

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlá."

Nabilah fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ò gbọ́ nìyẹn," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Àlàájì pé Gẹ̀ẹ́sì kò wọ orí òun. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn wá, wọ́n ń di ẹrù sí mọ́tò Maradi. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń lọ."

N kò mọ bí mo ṣe parí kíláàsì ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo dé Gagi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Adéjùmọ̀kẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó di orí mú.

"Èmi ni mo kó bá ọ," ó ní.

"Ọwọ́ tèmi ló mú báírò."

"Jẹ́ kí n lọ bá a. Kí ni wọ́n ṣe ń wá alárinà? Obìnrin kì í gbé ìwé lọ bá ọkùnrin láàárín ọjà, Ìkẹ́. Bí ìyá rẹ bá gbọ́ ńkọ́?"

"Mo ti kọ́ ènìyàn mọ́kànlá pé ẹni tó kọ lẹ́tà ni kó gbé e lọ. Bí mo bá rán ọ, irọ́ ni mo kọ́ wọn."

Ó wò mí. Ó wá dìde, ó kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, ó sì nu ibẹ̀ fún mi.

Mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ẹ̀kọ́ mi sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ wọn láti ọjọ́ tí Kàmál ti dé wà níbẹ̀: oòrùn, òjò, àlùbọ́sà, dúró, padà, ẹ̀rù, ilé. Àwọn nìkan ni mo fi kọ lẹ́tà mi. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wá sí mi lọ́kàn tí kò sí nínú ìwé náà, mo jù ú nù, bó ti wù kó dùn tó. N kò fẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí yóò jẹ́ àlejò sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ka ìwé ìfẹ́ láti kékeré kò wúlò fún mi. N kò sì ṣàárò wọn.

Mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá àkọ́kọ́ tí mo rí láàárọ̀. Ọjà ti kún. Mọ́tò náà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, páálí bátìrì ti kún un dé òkè, Kàmál sì wà lórí ẹrù, ó ń so okùn. Ó ti wé láwàní ìrìn-àjò bo imú bo ẹnu. Àlàájì Tàjúdíìn jókòó lórí àga, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ Yorùbá ni yín," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà tó fún ọmọ mi ní mẹ́tàlá?"

"Èmi ni, bàbá. Mo ṣì í ṣe."

"Hẹn-ẹn. Nítorí ó ní òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lánàá níbí, ó ka ìwé bátìrì fún oníbàárà láti òkè délẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló ń parọ́ nínú òun àti máàkì." Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Ìwé kí nìyẹn?"

"Lẹ́tà ni, bàbá. Tirẹ̀ ni."

"Gẹ̀ẹ́sì?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, bàbá."

Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sí i kó tó gbójú sókè. "Kàmál, sọ̀kalẹ̀. Bí o bá lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fúnra rẹ, ẹrù yìí nìkan ló ń lọ sí Maradi. Bí o kò bá lè kà á, gun mọ́tò. Má kà á sí mi létí, mi ò bi ọ́."

Kàmál sọ̀kalẹ̀. Ó dúró níwájú mi, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn alábàárù ń kọjá láàárín wa, wọ́n ń pariwo pé kí a yà.

"Malama," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí."

Ó ń yí okùn náà láàárín ìka rẹ̀.

"Mo máàkì ohun tí kì í ṣe ti máàkì," mo ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti rò rí pé ẹnìkan fẹ́ràn mi, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ní mi ò ní í rò ó mọ́, kódà nígbà tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo rò pé ìdáhùn yín nìyẹn. Mẹ́tàlá." Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. "Mo ti tún un kọ. Mo fi àdírẹ́sì sí i, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Lábẹ́ àtíbàbà àwọn alálùbọ́sà, Ọjà Sókótó. N kò kàn láyà láti gbé e wá."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ dé mi lẹ́nu. "Ẹ kọ́kọ́ gba tèmi ná."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Mo wo ojú rẹ̀, ojú kan náà tí mo rí lọ́jọ́ ìjì, mo sì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti fi kọ́ gbogbo wọn, pé tìrẹ ni èyí. Ohùn mi gbọ̀n níbi tí n kò ti jẹ́ kí ti ẹnikẹ́ni gbọ̀n ní kíláàsì.

Kò tíì gbà á. Ó ju okùn sílẹ̀. Ó tú láwàní lórí, ó tú u títí gbogbo ojú rẹ̀ fi hàn, imú, ẹnu, àgbọ̀n tó nílò abẹ, ó sì fi etí láwàní náà nu epo mọ́tò kúrò ní ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rí mi lódindi, Ìkẹ́," ó ní, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi.